Àádùn, Oyin àti Ṣúgà: Ìtàn Ohun Dídùn Ayẹyẹ ní Ilẹ̀ Èjìgbò

Ọ̀rọ̀ ọba àti ọ̀rọ̀ ogun ni a sábà máa ń pè ní ìtàn, ṣùgbọ́n lónìí, ohun kékeré kan tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Àádùn ni. Bí ẹ bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ ní Èjìgbò, tàbí ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tàbí ní Ìláwọ̀, tàbí ní Màsífà, ẹ̀yin náà ti lè rí i nínú àwo, ní ẹ̀gbẹ́ oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti atare. Ẹ lè ti jẹ ẹ́ láìmọ̀ pé nínú ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀, ohun tí ó ti inú igbó wa wá àti ohun tí ó ti òdìkejì òkun wá ni ó jọ wà pọ̀. Oyin wà níbẹ̀, àgbàdo wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta wọn, tí í ṣe ṣúgà, ni ó dé kẹ́yìn, òun ni ó sì lé oyin dìde lórí àga. Ọ̀nà tí olúkúlùkù àwọn mẹ́ta yìí gbà dé ọwọ́ wa yàtọ̀ sí ara wọn, ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa sì wà lójú ọ̀nà ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń ṣe àádùn, nítorí àwọn ọmọ mìíràn wà ní ìlú ńlá tí wọn kò rí i rí. Àgbàdo gbígbẹ ni a ó kọ́kọ́ yan nínú ìkòkò. Iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ kúrò nínú rírò rẹ̀, nítorí bí ó bá jóná, kíkorò ni yóò korò, kò sì sí oyin tí ó lè tún un ṣe mọ́. Nígbà tí ó bá pọ́n dáadáa, tí òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo àgbàlá kan, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó tutù. Láyé àtijọ́, orí ọlọ ni àwọn obìnrin ti ń lọ̀ ọ́, lórí ìkúnlẹ̀, iṣẹ́ apá gidi ni. Ẹ̀rọ ni ó ń bá wa ṣe é nísinsìnyí. A ó jọ̀ ọ́ kí ó kúnná bí ẹ̀tù. Lẹ́yìn náà ni a ó da epo pupa sí i díẹ̀díẹ̀, a ó fi iyọ̀ sí i àti ata gígún bíńtín, a ó sì máa fi ọwọ́ pò ó títí gbogbo rẹ̀ yóò fi mú ara wọn. Ẹni tí ó bá ní oyin yóò fi oyin sí i. A ó wá fi ewé pọ́n ọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó sì tò ó sínú igbá.

Ẹ kíyè sí i pé a kò tún sè é lẹ́yìn èyí. A ti yan àgbàdo rẹ̀ gbẹ, a kò sì bu omi sí i, nítorí náà kì í tètè bàjẹ́ bí ẹ̀kọ tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ohun tí ènìyàn lè dì mọ́ ẹrù ìrìn-àjò ni. Ẹ ó rántí pé ìlú arìnrìn-àjò sì ni Èjìgbò: ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Ivory Coast, débi pé ọ̀pọ̀ ilé ní Èjìgbò ni ó ní ẹbí ní Abidjan, tí àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ sì ń fi èdè Faransé kí àwọn ìyá àgbà wọn nígbà tí wọ́n bá wálé. Ọ̀rọ̀ yìí, dídùn, wà nínú orúkọ àádùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń retí adùn bí ti súùtì inú ìgò, ẹnu yóò yà á. Iyọ̀ ń sọ tirẹ̀, ata ń sọ tirẹ̀, epo ń tù ú lẹ́nu, kí adùn náà tó wá yọ jáde lẹ́yìn gbogbo wọn. Lójú tèmi, èyí dára ju dídùn lásán lọ.

Àwọn aládùúgbò wa ní òkè Ọya ní tiwọn. Àwọn Haúsá a máa gún ẹ̀pà yíyan àti òfíò pọ̀ mọ́ ṣúgà tàbí oyin, wọ́n a sì rọ ọ́ ní róbótó róbótó. Dakuwa ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, àwọn ọmọ wa sì ti sọ ọ́ di dọ́ńkúwà nígbà tí wọ́n bá ń rà á ní ọjà. Bí a bá sì rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó dé orílẹ̀-èdè Jọ́jíà. Kì í ṣe Jọ́jíà ti Amẹ́ríkà ni mo ń wí o, èyí tí ó wà ní ẹ̀bá Òkun Dúdú, lábẹ́ àwọn òkè Caucasus, ni. Nígbà tí ọdún tuntun bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa gé èso kan tí ó jọ àsálà wa sí wẹ́wẹ́, wọ́n a sè é nínú oyin títí oyin náà yóò fi ki, wọ́n a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lórí pákó, wọ́n a sì fi ọ̀bẹ gé e kí ó tó gan. Gozinaki ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọ ilé ní ọjọ́ ọdún yóò mú ohun dídùn dání, yóò sì gbàdúrà pé kí ọdún náà dùn fún àwọn ará ilé. Àwọn Júù pẹ̀lú a máa ti èso ápù bọ inú oyin ní ọjọ́ ọdún tuntun tiwọn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gbọ́ èdè ara wọn, wọn kò sì rán ẹnikẹ́ni sí ara wọn, síbẹ̀ olúkúlùkù wọn ni ó gbà pé ohun tí a bá fi sí ẹnu ní ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò sọ bí ìyókù yóò ti rí.

Nínú àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ, oyin ni àgbà. Kò sí àlejò tí ó mú un wá fún wa. Ilẹ̀ Èjìgbò wà ní ibi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn, bí orúkọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti fi hàn, láàárín Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti Ẹdẹ. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni oyin fẹ́ràn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ, igi tí a ti ń rí òrí ń tanná, igi igbá tí a fi ń ṣe irú ń tanná, oyin a sì máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Inú ihò igi ni wọ́n ń kọ́ afárá wọn sí. Àgbẹ̀ tàbí ọdẹ tí ó bá rí i ní ọ̀sán yóò sàmì sí ìdí igi náà, yóò sì padà wá ní alẹ́ pẹ̀lú ògùṣọ̀ àti èéfín.

Ọ̀rọ̀ èéfín yìí ní ìdí. Nígbà tí èéfín bá dé ọ̀dọ̀ oyin, wọ́n a rò pé iná igbó ni ó dé, wọ́n a sì sáré lọ mu oyin kún inú, kí wọ́n lè rí nǹkan gbé dání bí wọ́n bá ní láti sá. Èyí tí ó ti mu àmuyó, kò ní fẹ́ ta ènìyàn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò fín wọn díẹ̀, yóò gé afárá tí ó kún, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní sùúrù a máa ti iná bọ inú igi náà, wọ́n a jó ọ̀wọ́ oyin run tọmọtìyá. Ohun burúkú ni, nítorí igi kan náà tí ìbá máa fún wọn ní oyin lọ́dọọdún di òkú igi. Afárá náà kò sì ṣòfò: ìda tí a bá yọ́ lára rẹ̀ ni àwọn tí ń rọ idẹ fi ń mọ àwòrán kí wọ́n tó fi amọ̀ bò ó, kí iná tó yọ́ ìda náà jáde, kí idẹ gbígbóná tó bọ́ sí ipò rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ère idẹ àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ rántí oyin.

Ohun tí a fi ẹ̀mí wéwu kí a tó rí, a kì í jẹ ẹ́ bí ẹ̀kọ àárọ̀. Ìgò kan tàbí akèrègbè kan ni ó máa ń wà nínú ilé, a fi pamọ́ de ọjọ́ ayẹyẹ àti fún oògùn ikọ́. Oyin kì í sì í tètè bàjẹ́, bí omi kò bá ti kàn án. Mo rò pé ìdí kan tí àwọn àgbà fi yàn án fún àdúrà nìyí, yàtọ̀ sí dídùn rẹ̀: ó dùn lónìí, ó sì tún dùn ní ọdún tí ń bọ̀.

Àgbàdo ńkọ́? Ẹnu yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín. Èwo nínú oúnjẹ wa ni kò sí àgbàdo nínú rẹ̀? Ògì, ẹ̀kọ, ègbo, gúgúrú, àádùn. Síbẹ̀ àlejò ni. Ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ni àwọn ará ibẹ̀ ti tọ́jú koríko igbó kan títí ó fi di àgbàdo, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Columbus kọjá òkun dé ọ̀hún ní 1492, lẹ́yìn náà ni àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí rìn káàkiri ayé. Àwọn Potogí, tí ọkọ̀ wọn ti ń kan etíkun wa láti nǹkan bí 1472, wà lára àwọn tí ó gbé e dé ìhà ọ̀dọ̀ wa.

Àríyànjiyàn wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn onímọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, a rí àwọn àgbàlá tí a fi àpáàdì tẹ́, àwọn àpáàdì mìíràn nínú wọn sì ní àmì ṣùkù àgbàdo lára, bí ẹni pé amọ̀kòkò yí ṣùkù náà lórí amọ̀ tútù láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀mọ̀wé M. D. W. Jeffreys tẹnu mọ́ ọn pé àgbàdo ti dé Áfríkà ṣáájú Columbus, láti ọwọ́ àwọn Lárúbáwá. Ní 1962, Frank Willett, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ìwalẹ̀ ní Ifẹ̀, kọ ìwé kan láti yẹ gbogbo ẹ̀rí náà wò. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà lónìí ni pé lẹ́yìn 1492 ni. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, àpáàdì tí ó ní àmì ṣùkù lára kò lè dàgbà ju àgbàdo fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tí ó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ náà ni bí ọwọ́ àwọn ìyá wa ti yára tó: ohun ọ̀gbìn àjèjì dé, kò pẹ́ tí wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì ti fi ṣùkù rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sára ìkòkò.

Nítorí náà, bí àwọn tí ó wà ní Èjìgbò láyé àtètèkọ́ṣe, nígbà tí Akínjọlé tí ó tẹ ìlú náà dó ṣì wà láyé, bá jẹ ohun kan tí a lè pè ní àádùn, kì í ṣe àgbàdo ni a fi ṣe é. Ọkà bàbà wà nígbà náà, epo wà, oyin sì wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun ìbílẹ̀ kì í yí padà.

Nísinsìnyí, ọjọ́ wo ni a ń lò ó? Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ó gbajúmọ̀ jù. Ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ọmọ lórúkọ lónìí, ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Àgbà ilé yóò mú ohun àdúrà lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sọ ohun tí a ń fẹ́ kí ó jẹ́ fún ọmọ náà, yóò tọ́ ọ wò, àwo yóò sì kárí gbogbo àwọn tí ó péjọ. Bí ó bá kan oyin àti àádùn, ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti mọ̀: kí ayé ọmọ yìí dùn, kí ìyá àti bàbá rẹ̀ jẹ adùn rẹ̀. Ní ọjọ́ ìdána, oyin wà lára ẹrù tí a ń gbé wá sí ilé ìyàwó. Àwọn abìbejì a sì máa pín ẹ̀wà, ìrèké àti àádùn fún àwọn ọmọ àdúgbò, ìyẹn sì ni ọjọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò fẹ́ràn jù. Onígbàgbọ́ ń lo oyin, Mùsùlùmí ń lò ó, oníṣẹ̀ṣe ń lò ó. N kò mọ ohun púpọ̀ mìíràn tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ara wọn jà sí.

Mo ní láti sọ èyí kí àwọn ará Èjìgbò má baà bínú sí mi: àádùn kọ́ ni oúnjẹ tí ó bá orúkọ ọba wọn lọ. Iyán ni. Ògìyán ni orúkọ oyè náà, ẹni tí ń jẹ iyán ni ìtumọ̀ tí wọ́n sì máa ń fún un. Nígbà ọdún Òrìṣà Ògìyán, iyán ni olórí oúnjẹ, àwọn ará àdúgbò méjì a sì máa fi àtòrì na ara wọn lójú gbogbo ayé, láìsí ìbínú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iyán àti àtòrì yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún pàdé wọn níbi tí ẹ kò rò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣúgà wàyí. Ìrèké pàápàá ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, a ń fi eyín jẹ ẹ́. Láti ìhà ìlà-oòrùn ni ó ti wá, àwọn ará Íńdíà ni ó sì kọ́kọ́ mọ bí a ti ń se omi rẹ̀ títí yóò fi di ṣúgà. Lẹ́yìn náà ni ó dé ọwọ́ àwọn Lárúbáwá, kí àwọn òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 1500, àwọn Potogí dá oko ìrèké ńláńlá sí erékùṣù São Tomé, èyí tí kò jìnnà sí etíkun wa. Kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó dé, nítorí náà ẹrú ni wọ́n rà láti etíkun Benin àti ti Kóńgò láti ṣe iṣẹ́ náà. Irú oko bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé lọ sí Brazil, àwọn òyìnbó yòókù sì gbé tiwọn lọ sí àwọn erékùṣù Karibíánì.

Ẹ wo ohun tí ó mú un kan àwa. Ní 1791, àwọn ẹrú tí ń ṣiṣẹ́ ṣúgà ní Saint-Domingue dìde sí àwọn ọ̀gá wọn, wọ́n jagun, wọ́n sì ṣẹ́gun. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1804 ni Haiti. Ibẹ̀ ni ṣúgà ti ń wá jù lọ ní ayé nígbà náà, nítorí náà ṣúgà wọ́n, àwọn olóko ní Cuba àti ní Bahia sì rí àyè. Oko wọn gbòòrò, wọ́n ń wá ẹrú kiri. Àkókò náà gan-an ni ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń dà wó. Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, ogun Òwu jà, a fi Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀ ní nǹkan bí 1836, ní nǹkan bí 1840 sì ni Ìbàdàn àti Ìlọrin pàdé ní Òṣogbo. Ẹ wo inú àwòrán ilẹ̀, ẹ ó rí ibi tí Èjìgbò wà: láàárín gbogbo ariwo yìí ni. Ìlú kékeré ń fọ́, àwọn tí a mú ń lọ sí Èkó, sí Àjàṣẹ́ àti sí Whydah. Ní Bahia wọ́n ń pè wọ́n ní Nagô, ní Cuba wọ́n ń pè wọ́n ní Lucumí. Ẹrú tí ó lé ní 700,000 ni a kó dé Cuba, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ lẹ́yìn 1790.

Iṣẹ́ ṣúgà kì í ṣe iṣẹ́ oko bí a ti mọ̀ ọ́n. Ìrèké tí a bá ti gé kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀, nítorí omi rẹ̀ yóò kan. Nígbà ìfúnrèké, tọ̀sántòru ni iṣẹ́. Ẹnìkan yóò máa ti ìrèké bọ àárín àwọn òpó ẹ̀rọ tí ń yí, àwọn mìíràn yóò máa ro omi rẹ̀ nínú àwọn agbada tí ń hó. Bí oorun bá gbé ẹni tí ń ti ìrèké, tí ẹ̀rọ sì mú ìka rẹ̀, kò dúró. Wọ́n a máa fi àdá tàbí àáké sí tòsí, kí wọ́n lè gé apá ẹni náà kí ẹ̀rọ tó fa gbogbo ara rẹ̀ wọlé. Ohun funfun dídùn tí a ń rò sínú tíì, bí wọ́n ti ṣe é nìyẹn.

Àwọn tí a kó lọ kò gbé ẹrù dání, ṣùgbọ́n wọn kò lọ lọ́wọ́ òfo. Bí ẹ bá dé Bahia lónìí, ẹ ó bá òrìṣà kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Oxaguiã. Ẹ pe orúkọ náà dáradára: Òrìṣà Ògìyán ti Èjìgbò ni. Ọmọ odó ni àmì rẹ̀, wọ́n ń gún iyán fún un, nígbà ọdún rẹ̀ wọ́n sì máa ń fi pàṣán tẹ́ẹ́rẹ́ kan ara àwọn ènìyàn fẹ́rẹ́ fẹ́rẹ́. Orúkọ pàṣán náà ni atori. Pierre Verger, ará Faransé kan tí ó ti ń gbé Bahia láti 1946, tí ó sì rìn káàkiri ilẹ̀ wa títí wọ́n fi fún un ní orúkọ Fátúmbí ní Kétu, kọ̀wé nípa ọdún Èjìgbò àti nípa ti Bahia, àwọn méjèèjì. Ó ṣòro láti ka ọ̀rọ̀ náà kí ara má bù máṣọ: àwọn tí a fi ṣe ẹran ìṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ ìrèké, wọn kò gbàgbé bí a ti ń gún iyán ọba. Òwò ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀, òmìnira sì dé, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ó di 1886 ní Cuba àti 1888 ní Brazil.

Láàárín àsìkò tí gbogbo èyí fi ń kọjá lọ, ṣúgà ti di olówó pọ́ọ́kú ní ọjà ayé, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀ wá bá wa, funfun báláú, nínú páálí. Ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901 dé Òṣogbo ní 1907, láti Òṣogbo ni àwọn alájàpá sì ti ń kó ọjà òyìnbó wọ àwọn ìlú bí Èjìgbò. Nígbà tí ó ṣe, a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tiwa: ní 1964 ni ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Bacita, lẹ́bàá Ọya, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ń ṣe àádùn tà rí i pé ṣúgà wà ní ìsọ̀ lójoojúmọ́, kò ta ni, kò béèrè ògùṣọ̀, ó sì pọ̀ ju oyin lọ fún iye owó kan náà. N kò bá a wí. Bí ọ̀pọ̀ àádùn ọjà ti pàdánù oyin nìyẹn, láìsí ìkéde. Ní ọjọ́ ìdána pàápàá, páálí ṣúgà ti wà láàárín ẹrù, ó jókòó ti oyin gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé.

Ohun tí mo bá wí ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ń se ṣúgà títí yóò fi pọ́n, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n sì ń pè é ní oyin. Ẹ ó gbọ́ pé kí ẹ ṣá iná sí i, tàbí kí ẹ kán an sínú omi, kí ẹ tó mọ èyí tí ó jẹ́ ojúlówó. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ oyin kò gbára lé ìdánwò wọ̀nyí, nítorí ojúlówó lè kùnà níbẹ̀, kí ayédèrú sì yege. Ẹni tí ẹ mọ̀ tí ó ní igi oyin tàbí àpótí oyin lóko rẹ̀, òun ni kí ẹ lọ bá. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn àgbẹ̀ púpọ̀ ti ń sin oyin nínú àpótí onípákó. Wọ́n ń gé afárá láìgé igi, wọn kì í sì í jó ọ̀wọ́ oyin run. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Èjìgbò fojú sí ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, ti àwọn òbí ni, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ní 1976 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi hàn pé àrùn kan wà tí ó ń mú ìkókó, tí iṣan ara rẹ̀ a di rọ̀gbọ̀dọ̀, tí kò ní lè fa ọmú mọ́, tí èémí sì lè ṣòro fún un. Kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ni ó ń fà á, irúgbìn kòkòrò náà a sì máa wà nínú oyin nígbà mìíràn, àní nínú oyin tí ó mọ́ jù lọ. Àgbàlagbà lè jẹ ẹ́ kí nǹkan kan má ṣe é, nítorí ikùn rẹ̀ ti gbó. Ikùn ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò tíì gbó. Àrùn náà kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi wí pé kí a má ṣe fi oyin kan ẹnu ọmọ kí ó tó pé ọdún kan, bí ó ti wù kí ó kéré mọ.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé èyí yóò ba àṣà jẹ́. Kò bà á jẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àgbà tí ń gbàdúrà ni ó kọ́kọ́ ń tọ́ oyin wò, ìyá ọmọ tẹ̀ lé e, bàbá ọmọ tẹ̀ lé e, kí àwo tó kárí. Ẹ jẹ́ kí ó dúró síbẹ̀. Kí ìyá tọ́ oyin wò ní orúkọ ọmọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jẹun fún un láti inú oyún. Bí ọmọ náà bá pé ọdún kan, tí ó ti ń tá tẹ́tẹ́, ẹ bu oyin sí àádùn, ẹ tú ewé rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní díẹ̀, èyí tí kò ní ata nínú, kí òun náà tọ́ ọ wò.